Kí la fẹ́ máa pe ẹ̀rọ tó ń pọn ooru látinú ilẹ̀?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò o. Láti ọjọ́ tí àbúrò wa kan ti béèrè pé kí la máa pe geothermal heat pump lédè wa, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kó ooru látinú ilẹ̀ wá sínú ilé nígbà òtútù, ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, mi ò dá sí i, àmọ́ nígbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń lọ síbi "ẹ̀rọ ìgbóná-ilẹ̀", mo ní rárá, ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí pé ẹ̀rọ yìí wà nílé mi níbí ní Indiana l'Amẹ́ríkà, òtútù kejì rèé tá a ti ń lò ó, mo dẹ̀ dúró ti àwọn tó wá rì í mọ́lẹ̀ látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbóná-ilẹ̀ yẹn ná. Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ilẹ̀ gbígbóná ni? Ṣọ̀pọ̀nná ni o! Wọn ò fẹ́ dárúkọ ẹ̀, ni wọ́n ṣe ń pè é ní ìgbóná, ilẹ̀ gbígbóná, olóde. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti kéde lọ́dún 1980 pé àrùn yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ káàkiri ayé, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tíì kúrò lẹ́nu àgbà. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí n bá sọ fún wọn pé mo ri ẹ̀rọ ìgbóná-ilẹ̀ sẹ́yìnkùlé, wọn ò ní sun ilé yẹn mọ́jú.

Amúlégbóná ńkọ́? Mo mọ ibi tí ẹ ti mú un wá, amúlétutù lẹ wò, ó dẹ̀ bá bá a ṣe ń ṣe é mu, ohun tí ẹ̀rọ bá ń ṣe fún wa la fi ń sọ ọ́ lórúkọ, àwa náà la pe jẹnẹrétọ̀ ní amúnáwá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé ire wà lára tútù kí amúlétutù tó dé. Ilé tútù, ọ̀nà tútù, àdúrà ni. Tí wọ́n bá wá ní ilé lágbájá ń gbóná, kò sẹ́ni tó máa rò pé wọ́n tan hítà, tọkọtaya ló ń jà. Amúlégbóná á wá dà bí orúkọ ìyàwó tó ń dá wàhálà sílẹ̀ láàrin ẹbí. Amúlémóoru ò sì sàn jù ú lọ, torí ẹni tó bá ní inú yàrá yìí móoru, fèrèsé ló fẹ́ kẹ́ ẹ ṣí fún òun. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ̀rọ kan náà ló ń mú ilé wa tutù lóṣù July, ṣé a ó wá máa yí orúkọ ẹ̀ padà lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni?

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ìgbóná-ilẹ̀ àti ooru-inú-ilẹ̀, méjèèjì ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ilẹ̀ yẹn ò gbóná! Ní àdúgbò wa níbí, téèyàn bá ti gbẹ́ ilẹ̀ kọjá ibi tí òtútù àti oòrùn ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, bíi 55 dígírì Fahrenheit ló máa ń wà tọdúntọdún, ìyẹn bíi 13 ní Celsius. Ẹ fi omi tó rí bẹ́ẹ̀ wẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹnìkan dárúkọ Ìkògòsì, ó ní ṣé ohun kan náà kọ́ ni. Kì í ṣe ohun kan náà. Omi tó ń sun jáde n'Ìkògòsì, bíi 70 dígírì Celsius ni wọ́n ní ó ń gbóná níbi orísun ẹ̀ kó tó wá pàdé èyí tó tutù, ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀ pátápátá nìyẹn, irú ẹ̀ làwọn ará Iceland ń fà wọlé ní Reykjavik, olú-ìlú wọn, tí wọ́n fi ń mú ilé móoru láìsí pé ẹ̀rọ kankan tún ń mú un gbóná sí i. Ẹ gba ooru-ilẹ̀ fún ìyẹn, mo fọwọ́ sí i. Tiwa tó wà lẹ́yìnkùlé, púpọ̀ nínú ooru ẹ̀, oòrùn ló ti rọ̀ ọ́ sílẹ̀, tí ilẹ̀ wá bá a tọ́jú.

Báwo ló ṣe wá ń mú ilé móoru? Ihò mẹ́ta ni wọ́n gbẹ́ fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 200, wọ́n ki páìpù dúdú kan bọ̀ ọ́ tó lọ dé ìsàlẹ̀ tó tún yípo padà wá sókè, wọ́n fi amọ̀ dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Omi tí wọ́n po mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kó dì ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀, dígírì bíi mélòó kan péré ló sì ń gbé bọ̀. Nínú ilé, ó máa gbé e fún nǹkan olómi kan tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ooru yẹn ti tó láti hó o di gáàsì, compressor, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ki gáàsì mọ́lẹ̀, á wá fún gáàsì yẹn pọ̀, á sì gbóná, bí ìdí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe ń gbóná tá a bá fi fẹ́ táyà. Tẹ́ ẹ bá lo iná mànàmáná ìwọ̀n kan, ẹ lè rí ooru ìwọ̀n mẹ́ta sí mẹ́rin. Ṣé ẹ rí i pé iná kọ́ ló dá ooru yẹn, owó aláàárù ni iná ń san.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ níbí nípa Robert Webber, ará Indianapolis, láàrin ọdún 1940 sí 1949. Wọ́n ní firísà ló ń tún ṣe tí ọwọ́ ẹ̀ fi kan páìpù tó jáde lẹ́yìn ẹ̀, ó gbóná débi pé ó jó o, ló bá rò ó pé ooru tí firísà kó kúrò lára ẹran rèé, èmi náà lè kó o látinú ilẹ̀ wá sínú ilé. Yunifásítì Ball State ní Muncie, nípìnlẹ̀ wa níbí náà, bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 2009, ihò tó lé ní 3,600 ni wọ́n gbẹ́. Kíkó ni o, ẹ̀yin ará. Wọn ò dáná sábẹ́ ilẹ̀.

Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ dá lábàá. Wọ́n wà lọ́dọ̀ wa nígbà tí mọ́tò tí wọ́n fi ń gbẹ́ ilẹ̀ dé, wọ́n dúró lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ṣé omi ò yọ nílé yín ni?" Mo ní kì í ṣe omi Màámi, ooru là ń wá. Wọ́n wo yìnyín tó wà nílẹ̀, wọ́n wò mí. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n wá ní, "Ó yé mi. Kànga lẹ gbẹ́, ooru lẹ fẹ́ máa pọn."

Apọnooru. Ẹni tó dá "afooru" lábàá ní fífà ni pọ́ǹpù ń fa nǹkan, òótọ́ ni, àmọ́ etí máa gbọ́ fò níbẹ̀, fífà ò sì sọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ẹni tó pọn omi ti ní ìkòkò tó fẹ́ dà á sí nílé. Nígbà ooru, ilé ló ń pọn ún, inú ilẹ̀ ló ń dà á sí, orúkọ ò yí padà. Ẹ lè ní omi nìkan là ń pọn, àmọ́ pọ̀n tá a fi ń pọn ọmọ náà wà níbẹ̀, tí a bá ti so ó mọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ohùn méjèèjì á di ọ̀kan, gbígbé ooru délé náà dẹ̀ ni. Apọnooru-ilẹ̀ fún tiwa, apọnooru-afẹ́fẹ́ fún èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri ìta.

Kànga ooru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbà á bí Màámi ṣe sọ ọ́ fún ihò yẹn. Èyí tí mi ò tíì dá lójú ni omi inú páìpù yẹn, mo fẹ́ pè é ní omi aláàárù, ìyàwó mi ní aláàárù máa ń dúró gbowó, kí n wá òmíràn. Ẹ bá mi dá sí i.