Ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́jọ lè gbé iṣẹ́ ìwádìí tó wúwo?

Ìbéèrè: akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lórí bí àwọn èròjà inú ewé dóńgóyárò ṣe ń lẹ̀ mọ́ purotéènì kòkòrò ibà, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní GROMACS ni mo sì fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, èròjà kan ṣoṣo lè gba ọjọ́ 11. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iná ti lọ ní ọjọ́ kẹsàn-án, tí mo sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dọ́là ni àwọn tí ń yáni ní kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà, apá mi kò sì ká a. Kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́jọ wà ní ẹ̀ka wa tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Ṣé mo lè so wọ́n pọ̀ láìra sọ́fítíwíà kankan?

Ìdáhùn: olùkọ́ físíìsì, Oǹdó

Ó ṣeé ṣe. Ní 1994, Thomas Sterling àti Donald Becker, ní ibùdó Goddard ti NASA ní Amẹ́ríkà, so kọ̀ǹpútà 16 irú èyí tó wà lọ́jà pọ̀, wọ́n fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sí wọn, wọ́n sì pè é ní Beowulf. Láti oṣù kọkànlá 2017, gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ lágbàáyé ló ń lo Linux.

Ẹ yan ọ̀kan ṣe olórí, kí ẹ fi NFS jẹ́ kí àwọn yòókù máa rí fáìlì inú rẹ̀, kí Slurm sì máa to iṣẹ́ sórí ìlà, kó máa pín in fún èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí gidigidi. Ẹ má ṣe pín ìṣirò kan ṣoṣo sórí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ní gbogbo ìgbésẹ̀ ni GROMACS máa ń fẹ́ kí àwọn tó ń pín iṣẹ́ náà bá ara wọn sọ̀rọ̀, wáyà Ethernet lásán kò sì yá tó, débi pé mẹ́jọ lè lọ́ra ju ẹyọ kan lọ. Níwọ̀n bí èròjà yín ti pọ̀, ẹ fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kò sí èyí tí yóò dúró de èkejì.

Ìdáhùn: atúnkọ̀ǹpútà-ṣe, Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ iná yẹn dùn mí, nítorí kò yẹ kí ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ṣègbé. GROMACS fúnra rẹ̀ máa ń fi ibi tí iṣẹ́ dé pamọ́ ní ìṣẹ́jú 15-15. Ẹ fi -cpi kún àṣẹ yín nígbà tí iná bá dé, yóò bá a lọ láti ibẹ̀.

Kí ẹ tó tan èyíkéyìí, ẹ ṣí i. Nínú àwọn àlòkù tí mo ń tún ṣe, ọ̀rá funfun tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tí ń tú u lára sábà máa ń gbẹ bí ẹ̀kọ àná, eruku a sì ti dí ojú fáànù. Iṣẹ́ tó bá ń lọ tọ̀sán-tòru yóò tètè pa irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ nínú ooru wa yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ṣàyẹ̀wò kọ̀ǹpútà mi, mo sì rí fáìlì ìpamọ́ náà níbẹ̀. N kò mọ ìwúlò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Mo ti kó mẹ́ta jáde lónìí, ọ̀kan kò tan. Méjì yòókù ni n ó kọ́kọ́ fi Linux sí lọ́la.