Kí ló dé tí nọ́ńbà fóònù gbogbo oníbàárà wa fi di 2147483647?

Ọmọ_Gbági
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àǹtí mi ń ta aṣọ ní Gbági, mo wá ń kó orúkọ àwọn oníbàárà ẹ̀ látinú ìwé sínú MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Mo parí, mo ṣí i wò, àfi bí nọ́ńbà fóònù gbogbo wọn ṣe di 2147483647. Oní-0803, oní-0706, ọ̀kan náà ni! Oníbàárà wa ará Kútọnu nìkan ni tiẹ̀ wọlé dáadáa, àfi òdo iwájú ẹ̀ tí mi ò rí mọ́. Àǹtí mi ní kí n pe nọ́ńbà yẹn wò, pé olè ni. Ta ló ni ín?

Tíṣà_Ìṣirò
Kò sẹ́ni tó ni ín, àbúrò. INT, irú àyè tó ń gba nọ́ńbà odidi nìkan, lo fi ṣe àyè fóònù, ibi tí agbára INT mọ nìyẹn. Ó jọ pé strict mode, ètò tó máa ń kọ̀ jálẹ̀ bí iye bá pọ̀ jù, ò sí lórí MySQL tìẹ. Bí nọ́ńbà bá ti ju agbára ẹ̀ lọ, á kàn kọ èyí tó ga jù tó lè gbà.

Yọ òdo iwájú 0803, ó ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́jọ. Ti Kútọnu, 01 ló fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́wàá péré ni. Yọ òdo, kò tó igba mílíọ̀nù. Ìdí tó fi yè é nìyẹn. VARCHAR, irú àyè tó ń tọ́jú nǹkan bó o ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, ni kó o lò, kó o tún wọn kọ, òdo náà á padà.

Àmọ́ má fojú kéré 2147483647 o. Fi 2 sọ ara ẹ̀ di púpọ̀ títí 2 á fi pé 31, yọ 1 kúrò, òun lo máa rí. Práìmù ni: àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀, kò sí iye tó lè pín in kó má ṣẹ́kù. Euler, onímọ̀ ìṣirò, ló fi èyí hàn ní 1772, nígbà tí ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán.

Adé_Ekó
Ṣé gbogbo iye títí dé 46,340, ibi tí ìdánwò náà gbọ́dọ̀ dé kó tó dájú, ló fi pín in wò? Mi ò gbà.

Tíṣà_Ìṣirò
Ta ní ráyè ìyẹn? Práìmù tó bá máa pín in, tó o bá fi 248 pín òun náà, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Torí náà 3, 7, 11 àti ẹgbẹ́ wọn ti bọ́ sílẹ̀ láìjà. 311 ni àkọ́kọ́ tó yẹ ká dán wò, èyí tó tẹ̀ lé e ti di 1303! Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọ̀gbẹ́ni yẹn nìyí: ó ti lé èyí tó pọ̀ jù lọ kó tó mú kálámù.

Ìyá_Dátà
Ọmọ_Gbági, àyè gbèsè ńkọ́? Bó bá jẹ́ INT, tó o sì ń fi kọ́bọ̀ kà á, kò ní gbà ju ₦21,474,836.47 lọ.

Ọmọ_Gbági
Mà, ẹni tó bá jẹ àǹtí mi tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe MySQL ló máa kọ́kọ́ pariwo. Mo ti yí fóònù sí VARCHAR, mo tún ń kọ wọ́n látinú ìwé báyìí.