Peugeot 504 bàbá tíṣà àbí Camry Big Daddy: èwo ni kí n rà?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé, mo máa ń lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì máa ń kó iṣu bọ̀ láti oko.

Bàbá kan ládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ ta Peugeot 504 rẹ̀ ti ọdún 1986, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Bàbá ò fi ṣe kábúkábú rí. Kabúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún éńjìnnì) ni ọkọ̀ náà ń lò, kò ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí éńjìnnì, tí yóò dà mí láàmú. Mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú u kó sì tò ó padà. Ó ga nílẹ̀, kòtò kì í bà á lẹ́rù. Àmọ́ ó ń mu epo bí ọ̀mùtí, kò ní AC, ìpẹtà sì ti ń jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ṣé a ṣì ń rí ojúlówó páátì rẹ̀ rà?

Èkejì ni Toyota Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, ti ọdún 2004, tòkunbọ̀, éńjìnnì líta 2.4 tó ń fi ṣéènì yí àwọn ohun inú rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì. Ìyàwó mi ti yan èyí, ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé nígbà tí mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ọ́ìlì náà ti lọ sílẹ̀ gan-an, ẹni tó ń tà á sì ń yí ọ̀rọ̀ po.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wa méjèèjì, kí ni kí n yẹ̀ wò lára Camry yìí kí n tó sanwó? 504 ńkọ́, ṣé ìpẹtà yẹn ṣì ṣeé tún ṣe?