Ilé bàbá wa ní àdúgbò Adéwọlé n'Ílọrin kún fọ́fọ́ fún ẹrù, a sì fẹ́ tà á: níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Adéwọlé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Bàbá wa ti di olóògbé, ìyá wa wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa l'Ékòó. Àwa ọmọ márùn-ún ti fohùn ṣọ̀kan pé ká ta ilé tó wà n'Ílọrin. Yàrá mẹ́rin ni, pẹ̀lú sítọ́ọ̀ ńlá kan. Páálí ìwé, aṣọ òfì, fíríìjì tó ti bàjẹ́, jẹnẹrétọ̀ méjì, irin, ìgò: kò síbi téèyàn máa fẹsẹ̀ sí, eku sì pọ̀ níbẹ̀. Àbúrò wa ọkùnrin ní ká pe àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, kí wọ́n palẹ̀ ẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan. Ṣé ká gbà?

Agbẹjọ́rò: Ẹ kú àmúmọ́ra, kí Ọlọ́hun fi Alijánnà kẹ́ bàbá. Ẹ má gbà. Bébà ló ṣáájú. Ẹ wá ìwé ilẹ̀, sọ́fè (àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀), ríṣíìtì, ìwé báńkì, ti pẹ́ńṣàn àti ìwé ìpín ìdókòwò. Ibi tí wọ́n máa ń wà ni inú Kùránì, abẹ́ fóòmù, àpò agbádá, ẹ̀yìn fọ́tò tó wà lára ògiri àti inú páànù bisikíìtì. Ẹ gbọ̀n gbogbo aṣọ, ẹ ṣí gbogbo ìwé. Bébà tí ọ̀rinrin ti lẹ̀ pọ̀, ẹ má fà á ya. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòòji kó gbẹ. Bí ẹ bá rí 200, 500 tàbí 1,000 náírà àtijọ́, ẹ má dà á nù: ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ lọ́dún 2023 pé kí wọ́n ṣì máa ná an.

Ẹrù náà kì í ṣe ti ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀. Kí ohunkóhun tó jáde, ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ohun tó bá níye lórí, kí ó kéré tán ajogún méjì fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ òfin Ìsìláàmù lẹ ó fi pín ogún, owó ìsìnkú àti gbèsè ló ń kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni wàsíyà (ohun tí olóògbé ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn) tí kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìyá yín ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, nítorí pé bàbá bímọ. Ọmọkùnrin gba ìpín méjì, ọmọbìnrin gba ọ̀kan. Torí náà, ìyá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà náà. Ìfohùnṣọ̀kan ẹ̀yin ọmọ nìkan kò tó.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ eku yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, nítorí eruku ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ lè kó ibà Lassa ran èèyàn. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ jáde. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbomú àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ po ife Hypo tàbí Jik 1 mọ́ ife omi 9. Ẹ fi rin ibẹ̀ títí yóò fi tutù dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó fi àkísà nù ún. Ẹ má po ó mọ́ oògùn ìfọ-ṣáláńgá kankan, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kó sọ fún dókítà pé òun tún ilé tí eku wà ṣe.

Oníṣòwò àlòkù, Ìta Àmọ́dù: Tí ẹ bá ta irin yín ní òkìtì, iye irin lásán ni wọ́n máa san lórí bàbà àti idẹ. Ẹ mú máàgínẹ́ẹ̀tì lọ: ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, bàbà, idẹ àti àlùmíníọ́ọ̀mù kò lẹ̀. Ẹ kó oríṣi kọ̀ọ̀kan sínú àpò tirẹ̀, kí ẹ sì mú ìwọ̀n tiyín dání. Wáyà bàbà wà nínú kọ̀mprẹ́sọ̀ fíríìjì àti nínú jẹnẹrétọ̀. Ẹ má jó wáyà kankan, èéfín rẹ̀ burú. Bátìrì mọ́tò, ẹ gbé e ní ìdúró, ásíìdì wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Adéwọlé: Ẹ ṣeun gan-an ni. Aṣọ òfì àti ìwé Lárúbáwá ńkọ́? Púpọ̀ ninu ìwé náà jẹ́ àfọwọ́kọ.

Ìyá Aláṣọ: Ẹ má fọ òfì. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòòji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ wo gbogbo ìpàdé aṣọ bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Sányán àti etù àtijọ́ máa ń lówó lórí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ òfì wò ó kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni. Ìwé àfọwọ́kọ, bóyá ti Lárúbáwá tàbí Àjàmí (èdè wa tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ), ẹ kọ́kọ́ fi han àwọn àáfáà àgbà. Kùránì tó ti gbó, ẹ fún wọn láti sin.

Agbẹjọ́rò: Ẹ tún gba ìwé ẹ̀rí ikú, kí ẹ sì tọrọ ìwé ìṣàkóso ogún (ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀) ní ẹ̀ka ilé ẹjọ́ gíga ti Kwara tó ń rí sí i. Oníbàárà tó bá mọ̀ràn máa béèrè rẹ̀. Bí sàréè bá wà nínú ọgbà, ẹ sọ fún un kí ẹ tó sọ̀rọ̀ iye. Ẹ tún wo gbèsè iná lórí mítà, kí ẹ san án kí ẹ tó fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.