Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n yí bí mo ṣe ń yàwòrán padà ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn ni mo ń gbé, àwòrán inú ìwé ọmọdé ni mo fi ń jẹun. Ara àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo ti mú ọnà mi, pàápàá Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n máa ń ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí. Ẹ wo bí ìyá aláàdìrẹ ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ: ilà náà á nípọn níbì kan, á tín-ín-rín níbòmíràn, ibi tí ẹ̀kọ bá sì bò, aró ò ní mu ún. Bẹ́ẹ̀ gan-an lèmi náà ṣe ń fi funfun sílẹ̀ láàárín búlúù.

Ilé ìtẹ̀wé kan ti wá gbé iṣẹ́ wá báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n fi kọ̀ǹpútà yà á kó máa dán, kójú àwọn ọmọ inú rẹ̀ rí ràbàtà bíi ti kàtúùnù òkè òkun. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa sanwó, àwòrán á sì di tiwọn títí láé. Owó ọ̀hún dáa o, owó ilé mi sì ti fẹ́ẹ̀ tó san.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ṣé orúkọ kan náà lẹ fi ń ṣe iṣẹ́ oúnjẹ àti iṣẹ́ ọkàn yín? Báwo lẹ ṣe ń bá wọn sọ ọ́ tí wọ́n á fi gbà láti máa fún yín ní nǹkan lórí ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà? Mi ò fẹ́ pàdánù iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ọmọ Ìbàdàn á ṣíwèé, kò ní rí Mápó níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí èsì mi.