Ẹ gbà mí o: ayùn orí tábìlì ta pákó lù mí níkùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́

Bàbá Ìbejì, Calgary
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Mo ra ayùn orí tábìlì, àlòkù tó ṣì dára, mo gbé e sí gáréèjì. Ibùsùn àwọn ọmọ ni mo fẹ́ fi kàn. Àná ni mo kọ́kọ́ tàn án. Mo ń gé pákó kékeré kan ní ìbú, kí n tó ṣẹ́jú, igi ti ta padà, ó bà mí lábẹ́ ìhà, ojú ibẹ̀ ti dúdú. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ìyàwó mi ní kí n gbé nǹkan náà jáde nílé. Ẹni tó tà á ní òun á gbà á padà bí mo bá gbé e dé kí ó tó di Sátidé. Ṣé kí n dá a padà? Bí mo bá dá a padà, kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò wọ́n fún mi tẹ̀lé ara wọn.

Ọmọ Káfíńtà, Manchester
Ẹ kú ewu, bọ̀dá. Ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe ojú. Ṣé ẹ ti pákó yẹn mọ́ fence, irin gbọọrọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ, tí ẹ sì tún ń fi atọ́nà onígun, èyí tó ń rìn lójú tábìlì, tì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà?

Bàbá Ìbejì, Calgary
Bẹ́ẹ̀ ni, méjèèjì ni mo lò papọ̀. Mo rò pé ìyẹn ló máa jẹ́ kó gún.

Ọmọ Káfíńtà, Manchester
Ohun tó fà á nìyẹn. Èyí tí ẹ gé kúrò há sáàárín fence àti abẹ, ó yí díẹ̀ báyìí, eyín ẹ̀yìn gbé e, ó sọ ọ́ lù yín. Tèmi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó fọ́ fèrèsé onílé. Èmi ni mo san án.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Dublin
Fence kọ́. Ọ̀bẹ ẹ̀yìn ayùn ńkọ́? Irin pẹlẹbẹ tó dúró gbọn-in lẹ́yìn abẹ, tó ń bá a gòkè tó ń bá a sọ̀kalẹ̀. Nínú àlòkù, òun ni wọ́n sábà máa ń yọ sọnù. Ọdún méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ láìsí i, mo ń yangàn. Ní ọdún kẹta, àtàǹpàkò òsì mi ò rí bí Ọlọ́run ṣe dá a mọ́. Ẹ lọ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Calgary
Mo ti lọ wò ó. Kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Dublin
Ẹ ò rí i!

Ọmọ Káfíńtà, Manchester
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí ọ̀bẹ, ẹni tí kò bá ní in kó má tan ayùn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá ń la pákó gbọọrọ ló wúlò jù, nígbà tí igi bá fẹ́ pa ojú dé mọ́ abẹ. Ẹni tó ń gé ní ìbú, tó fi fence àti atọ́nà há igi, kódà kí ọ̀bẹ wà níbẹ̀, ó ṣì ń wá wàhálà.

Ìyá Tábìlì, Houston
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti ń jà. Níbo ni Bàbá Ìbejì dúró sí? Ẹ̀yìn pákó gan-an! Ta ní ń dúró sí ẹnu ìbọn? Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí igi tó bá máa ta rí ọ̀nà kọjá. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé pákó púpọ̀ kó dọ́gba, ẹ fi kílàǹpù de ègé igi kan mọ́ fence, níwájú, jìnnà sí abẹ. Ibẹ̀ ni pákó á ti wọn ara rẹ̀, á sì ti kúrò lára rẹ̀ kó tó kan eyín ayùn. Kò sí ohun tó máa há.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, London
Ẹ jẹ́ ká fi ayùn sílẹ̀ ná. Bàbá Ìbejì, ikùn yẹn ńkọ́? Bí ó bá le, bí orí bá ń fò yín, bí èjìká òsì bá ń ro yín láìjẹ́ pé nǹkan kan bà á, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Ẹ má sùn lé e. Ṣé ẹ wọ ìbọ̀wọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ má wọ̀ ọ́ nídìí ohun tó ń yí. Eyín ayùn á mú ìbọ̀wọ́, ìbọ̀wọ́ á sì mú ọwọ́ wọlé.

Bàbá Ìbejì, Calgary
Ẹ ṣé, Àǹtí. Èjìká ò ro mí. Ìyàwó mi ti ka ohun tí ẹ kọ, ó ní dandan ni kí dókítà wò ó lónìí. A ti ń múra.

Ìyá Tábìlì, Houston
Ó káre. Nípa ibùsùn: kí ẹ tó ra igi, ẹ wọn ọ́n. Pákó tí wọ́n ń pè ní 2 ní 4, ìnṣì 1.5 ní 3.5 ló jẹ́. Èmi fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìṣirò, mo gé gbogbo rẹ̀ tán, fúrémù fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn pákó ìsàlẹ̀ ò kan etí, ibùsùn sì ń mì lábẹ́ ọmọ. Mo tú u palẹ̀, mo tún igi rà.

Àbúrò Kékeré, Toronto
Ẹ má gbàgbé iná o. Mo gbé dríìlì mi láti ilé wá, ti 230 volt, mo kì í bọ 120 volt ibí. Ó ń yí bí ẹni tó ń tòògbé, kò lè lu igi kankan.

Ọmọ Káfíńtà, Manchester
Èmi ra ayùn olórí yẹ́lò níbí, inú mi ń dùn. Àṣé 110 volt ti àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́ ni, àfi kí n wá tiransifọ́mà kún un.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Dublin
Wáyà ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n náà ń kọ́? Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ ká jọ bí ejò, á gbóná títí yóò fi yọ́. Ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá.
Èrò tèmi: ẹ dá ayùn yẹn padà. Ẹ ra ayùn oníná tí a ń fọwọ́ mú, ẹ de pákó gbọọrọ tó gún mọ́ igi láti tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ ra kílàǹpù, ẹ tún ra kílàǹpù. Ìfági kan, ṣíṣẹ́ẹ̀lì méjì, òkúta ìpọ́nrin. Ẹ pọ́n ṣíṣẹ́ẹ̀lì títí yóò fi fá irun apá yín.

Ìyá Tábìlì, Houston
Èmi ní kí ó wá ọ̀bẹ ẹ̀yìn tó bá ayùn náà mu, kó sì kọ́ ọ dáadáa. Ìpayà á lọ, iṣẹ́ á kù.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, London
Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ ra ohun ìbomú tó dára mọ́ ọn. Láti 1995 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Eruku ìrókò le gan-an, ó ń mú ikọ́ fée.

Àbúrò Kékeré, Toronto
Ìrókò! Àǹtí, ẹ ti rán mi létí ilé.

Bàbá Ìbejì, Calgary
Ìrókò wo? Níbí, òtútù gáréèjì sọ gúlù mi di funfun bí ẹfun, kò mú. Igi náà gbẹ, ó là lójú mi.

Ìyá Tábìlì, Houston
Ẹ kó wá sí Houston. Gúlù tiwa ń mú.

Ọmọ Káfíńtà, Manchester
Houston tí irin ayùn ń dípẹtà mọ́jú! Ẹ ti gbàgbé àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí.

Ìyá Tábìlì, Houston
Mo ti fi àbẹ́là pa á lójú, omi ò ràn án mọ́. Dúrọ́ọ̀ Manchester ńkọ́, tí òjò mú kó wú, tí ẹ fi ẹsẹ̀ tì sí ògiri kí ẹ tó fà á ṣí?

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Dublin
Ẹ̀rín pa mí o. Tiwa náà ò ṣí.

Ọmọ Káfíńtà, Manchester
Bàbá mi á fi ìka kan pákó, á tẹ́tí sí i, á sọ fún ọ bó bá ti gbẹ. Pẹ́ńsù wà lẹ́yìn etí rẹ̀ títí alẹ́, ìgbà mìíràn ó bá a sùn. Bó bá ń fá ọ̀gánwó, èérún á máa ká jáde lẹ́nu ìfági, pupa, tẹ́ẹ́rẹ́, a óò so ó mọ́ irun. Mo gbé ìfági rẹ̀ wá síbí. Igi ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ ní ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń wà, tèmi ò bá ibẹ̀ mu. Igi tí mò ń fi í fá níbí ò ní òórùn yẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, London
Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Àbúrò Kékeré, Toronto
Àmín. Ẹ fi àwòrán ìfági náà hàn wá.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Dublin
Bàbá Ìbejì, kí ni dókítà wí? Ayùn yẹn ńkọ́, ṣé ó ti kúrò nílé?