Àbúrò mi fẹ́ du gómìnà láìsí ẹgbẹ́, ó ní ká ta ilẹ̀ Lugbe: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Mi ò lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí pásítọ̀ wa gan-an ti ń pe àbúrò mi ní "Ẹ̀kísẹ́lẹ́ńsì".

Àbúrò tó tẹ̀lé mi ni. Ọdún méjìlélógún ló lò ní Houston kó tó padà wálé, ó wá gbalé sí Gwarinpa. Òmù-Àrán la ti wá. Láti bí oṣù mẹ́ta, kò sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu rẹ̀ ju gómìnà Kwara lọ. Ó ní lọ́dún 2027, ẹni tó wà níbẹ̀ á ti lo sáà méjì tán, àga á ṣófo, àwọn tó máa du ún á pọ̀ bí eéṣú. Ó ní bí wọ́n bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìbò á fọ́nká, ẹni tó bá rí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lásán á ti wọlé. Ó ní òun ò nílò ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, pé ọ̀rọ̀ wọn ti sú aráàlú, òun á dá dúró. Ó ní òun fojú ara òun rí i ní Texas lọ́dún 2006: èèyàn mẹ́rin tó lórúkọ ló du gómìnà, méjì nínú wọn ò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan.

Ibi tó ti kàn mí nìyí. A jọ ra ilẹ̀ kan sí Lugbe, ìdajì owó tirẹ̀, ìdajì tèmi, orúkọ mi ló wà lórí ìwé. Ó ní ká tà á. Ó tún ní kí n bá òun yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní ọjà Wuse. Ó ti san mílíọ̀nù méjì náírà fún ọkùnrin kan tó ní òun á bá a gba fọ́ọ̀mù olùdíje aládàádúró ní INEC.

Àbúrò yìí ló san owó ilé-ìwé àwọn ìbejì mi nígbà tí ọkọ mi kú. Tí mo bá ní mi ò tà, ṣé mi ò ti di abaraámóorejẹ báyìí? Tí mo bá sì tà á, ṣé ó tiẹ̀ lè wọlé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Ẹ bá wa kí Ẹ̀kísẹ́lẹ́ńsì o. Èmi ni kọmíṣánnà ètò omi, ẹ má gbàgbé orúkọ mi 😂

Lọ́yà Utako:
Ẹ kú àfaradà, Mà. Mílíọ̀nù méjì yẹn ló mú mi dá sí i. Kò sí fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ní INEC. Kò sí i rárá.

Abala 177 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 ló ka ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ du gómìnà ní: kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, kó ti pé ọmọ ọdún 35, kó kàwé dé ìwé mẹ́wàá ó kéré tán, kó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó fà á kalẹ̀. Abala 221 wá ti ilẹ̀kùn náà pa pátápátá: yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú, kò sí ẹgbẹ́ tàbí àjọ tó gbọ́dọ̀ polongo ìbò fún olùdíje. Láyé ìjọba alágbádá àkọ́kọ́, èèyàn ń dá dúró díje. Òfin 1979 ló dí ọ̀nà yẹn, ti 1999 sì gba ibẹ̀ lọ. Àwọn aṣòfin àpapọ̀ ti gbìyànjú láti ṣí i. Ní 2017 ilé méjèèjì tiẹ̀ fọwọ́ sí àbá rẹ̀. Kò di òfin.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ lásán ni ọkùnrin yẹn tà fún àbúrò yín. Ṣé báńkì ló fi san owó náà àbí ọwọ́-sọ́wọ́?

Ẹ tún bá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ó ti búra láti di ọmọ Amẹ́ríkà? Ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí lè ní ìwé ìlú méjì, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìbúra yẹn wà nínú abala 182, àwọn alátakò sì fẹ́ràn láti gbé e lọ sí kóòtù. Kó mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Yéè! Lọ́yà, ọkùnrin yẹn wọ kóòtù wá sílé mi o, ó gbé fáìlì aláwọ̀ ewé dání. Mo fi ẹran méjì sínú ọbẹ̀ rẹ̀! Báńkì ló fi san án.

Bàbá Dallas, Kàdúná:
Mo gbé Dallas fún ọdún mọ́kànlá kí n tó padà sílé, mo sì wà níbẹ̀ lọ́dún 2006 tí àbúrò yín ń sọ. Kò parọ́. Ìdajì ìtàn ló sọ.

Rick Perry ló wà lórí àga. Chris Bell ni ẹgbẹ́ Democrat fà kalẹ̀. Àwọn méjì tó dá dúró ni Carole Keeton Strayhorn, ẹni tó ń bójú tó àpò ìṣúná ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn, àti Kinky Friedman, olórin tó tún ń kọ̀wé, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Kí orúkọ wọn tó lè wọ inú ìwé ìbò, wọ́n ní láti gba ìbuwọ́lùwé 45,540 èèyàn tó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, tí wọn ò sì bá ẹgbẹ́ kankan dìbò abẹ́nú lọ́dún náà. Wọ́n gbà á. Àwọn èèyàn wọ́ tẹ̀ lé Friedman bí ẹni ń lọ síbi eégún. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Perry ní nǹkan bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún, Bell fẹ́rẹ̀ẹ́ ní 30, Strayhorn ní 18, Friedman ní 12.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Ìbò fọ́nká lóòótọ́, bí àbúrò yín ṣe wí. Ta ló jàǹfààní rẹ̀? Ẹni tó ti wà lórí àga! Àwọn tí kò fẹ́ ẹ mọ́ ju ìdajì lọ, wọ́n kàn pín ìbínú wọn sọ́nà mẹ́ta ni. Bí ìbò bá fọ́nká, ẹni tó ní ilé tó dúró ló ń ṣa á jọ. Ilé yẹn, ẹgbẹ́ la ń pè é.

Ti ẹni tó dá dúró tó sì wọlé náà wà o, kí n má fi nǹkan pamọ́. Angus King wọlé ní Maine lọ́dún 1994 pẹ̀lú ìdá 35, ojú rẹ̀ ò sì ṣàjèjì lórí tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Lincoln Chafee wọlé ní Rhode Island lọ́dún 2010 pẹ̀lú ìdá 36. Ó ti ṣe sẹ́nétọ̀, bàbá rẹ̀ ti ṣe gómìnà. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Bill Walker ní Alaska lọ́dún 2014. Àwọn Democrat yọ olùdíje tiwọn kúrò, ọkùnrin náà wá di igbákejì Walker. Ẹ̀yin ará, ìgbà tí olùdíje dín kù ló wọlé, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n pọ̀.

Ẹ bi àbúrò yín: ní Òmù-Àrán gan-an, tí ó bá rìn kọjá lọ́jà, èèyàn mélòó ló máa pe orúkọ rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Wọ́n á pe orúkọ bàbá wa.

Ọ̀dọ́ Gwarinpa:
Ẹ ṣáà ní kò ṣeé ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí ní Kwara kí "Ó tó gẹ́", ariwo tí wọ́n fi lé àwọn Saraki kúrò nínú ìjọba, tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2019. Àwọn ará Kenya ń ṣe é o! Kawira Mwangaza dá dúró, ó sì wọlé gómìnà Meru lọ́dún 2022. Kí ló dé tí àwa ò lè ṣe é?

Bàbá Dallas, Kàdúná:
Ọmọ mi, "Ó tó gẹ́" tí o ń wí, abẹ́ APC ló gbà wọlé. Ti Kawira náà, bá wa parí rẹ̀. Léraléra làwọn aṣòfin Meru ń dìbò pé kó máa lọ, nígbà tó yá wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́. Tí o kò bá ní ẹgbẹ́ nínú ilé aṣòfin, ta ló máa dìde fún ọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé?

Ọ̀dọ́ Gwarinpa:
Mo gbọ́ yín, sà. Àmọ́ ó yẹ kí wọ́n yí òfin yẹn padà.

Lọ́yà Utako:
Lórí ìyẹn, ẹnu wa kò.

Oníṣirò, Mìnà:
Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ní wọ́n yí i padà lọ́la. Ìṣirò ló máa pa á.

Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá tó ń sọ, Texas nìyẹn. Níbẹ̀, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ti wọlé. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Abala 179 ní kí ìbò rẹ pọ̀ jù, kí o sì tún ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni Kwara ní. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ á lọ sí mọ́kànlá. Gúúsù tiyín ní méje péré, láti Ọ̀ffà títí dé Òkè-Ẹ̀rọ́. Àárín ní mẹ́rin, Ìlọrin mẹ́ta pẹ̀lú Àsá. Àríwá ní márùn-ún: Edu, Patigi, Moro, Kaiama, Baruten. Kódà kí gbogbo Gúúsù dìde fún un, títí kan àwọn tí ń bá ilé yín ṣọ̀tá, ó ṣì ku mẹ́rin tó máa wá lọ sọ́dọ̀ àwọn Nupe, àwọn Bàrùbá tàbí àwọn ará Ìlọrin. Àwọn ará Àríwá Kwara kọ́ ló sì máa fún un: láti 1999, gómìnà kankan ò tíì ti ọ̀dọ̀ wọn jáde, àwọn náà ń wojú àga yìí.

Bí olùdíje bá ṣe pọ̀ tó ni ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ṣe ń le tó fún ẹni tí kò ní èèyàn káàkiri.

Ẹ tún fojú wo owó. Ibùdó ìdìbò Kwara lé ní 2,800. Ẹ fún aṣojú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà péré lọ́jọ́ ìbò, mílíọ̀nù méjìdínlọ́gbọ̀n ti lọ. Ẹ ò tíì ra omi.

Ní 2023, APC ní 273,424 ìbò, PDP 155,490. Ọmọ Mohammed Lawal, gómìnà àná, díje lábẹ́ SDP. Kò tó 20,000. Ọmọ gómìnà o, ó sì lẹ́gbẹ́!

Ọmọ Kàbà, Nyanya:
Tiwa ní Kogi lọ́dún 2023 kan náà ni. Dino Melaye tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, ọmọ Òkun bíi tèmi, PDP ló gbé e dání, 46,362 ló rí. Ajaka fi APC sílẹ̀ lọ sí SDP, ó ní 259,052, torí àwọn Igala dìde fún un gbingbin. Síbẹ̀ Ododo ti APC ní 446,237. Ariwo kọ́ ni ìbò, mo ti fojú rí i.

Màmá Sùkúrà, Suleja:
Ẹ̀yin ọkùnrin ti ka ìbò tán. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ilẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ìdajì ilẹ̀ yẹn tirẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé torí orúkọ yín ló wà lórí ìwé, kẹ́ ẹ gbà á. Ẹ pe sọ̀fíyọ̀, kó gé e sí méjì. Tó bá fẹ́ ta tirẹ̀, ó dọwọ́ rẹ̀. Tiyín dúró síbẹ̀. Owó ilé-ìwé tó san, ẹ dúpẹ́, ẹ gbàdúrà fún un, ẹ máa se ọbẹ̀ fún un lọ́jọ́ Sunday. Ilẹ̀ àwọn ìbejì kọ́ lẹ máa fi san án.

Ti alájẹṣẹ́kù yẹn, ẹ má dán an wò! Owó yẹn kì í ṣe tiyín nìkan. Àwọn méjì tó bá yín fọwọ́ sí i ni wọ́n máa lọ bá ní ìsọ̀. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún 2019, mi ò ní sọ ọ́ níbí. Ọdún méjì ni mo fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ọjà.

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fọwọ́ kan egbò mi. Iye ìgbà tí mo ti fẹ́ lọ fọwọ́ sí i!

Àmọ́ kí ni kí n wá sọ fún un? Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkàn rẹ̀ mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn Òmù-Àrán títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́yà Utako:
Mà, bó bá jẹ́ tinútinú, ọ̀nà wà. Kó wọ ẹgbẹ́ kan ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ nílé, kó forúkọ sílẹ̀, kó máa lọ sí ìpàdé, kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Kó má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí gómìnà. Fún ìbò 2023, mílíọ̀nù 50 náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù gómìnà, PDP ta tiwọn ní 21. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ sún mọ́ ilé ìwòsàn Òmù-Àrán ju bí ó ti rò lọ.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Àbí kó máa bá wa gbé Àbújá. Àwa ò tiẹ̀ ní gómìnà, mínísítà ni Ààrẹ ń yàn fún wa. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí wàhálà.

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Mo ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ yín hàn án lálẹ́ àná. Ó kà á, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde, kò jẹun. Inú mi ò dùn rárá.

Láàárọ̀ yìí ló fi nọ́ńbà ọkùnrin aláfáìlì yẹn àti ìwé báńkì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e. Lọ́yà, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín.

Lọ́yà Utako:
Mo ti rí i, Mà. Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá, kí òun fúnra rẹ̀ wá. Kó má pe ọkùnrin náà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi o, torí tó bá ti fura, kò ní gbé fóònù mọ́.

Màmá Sùkúrà, Suleja:
Ẹ gbé ọbẹ̀ lọ bá a ní Gwarinpa lónìí. Kí ẹran inú rẹ̀ ju méjì lọ.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Ẹ jọ̀ọ́, ipò kọmíṣánnà mi ńkọ́?